Táàfù àbí koríko? Mo ti ṣubú lórí méjèèjì, ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó dáwó

Ẹ jẹ́ n tètè sọ pé gókípà ni mí. Ẹni tó ń sáré kiri pápá, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló fi ń mọ ilẹ̀, àmọ́ àwa tá a dúró sáàárín òpó méjì, ìgbọ̀nwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n, èjìká la fi ń mọ̀ ọ́n, ìbàdí àti itan la fi ń mọ̀ ọ́n. Láti kíláàsì tú ni mo ti ń fò lulẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí l'Abẹ́òkúta, nígbà tó jẹ́ pé Abiola Babes tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987 ni gbogbo wa fẹ́ dà. Mo ti pé àádọ́ta ọdún báyìí, àbígbẹ̀yìn mi ti wà ní JSS 3 nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà, èmi sì tún ń bá àwọn old boys gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí wọ́sáàpù wa pé ẹgbẹ́ fẹ́ dáwó tún pápá ilé ìwé ṣe, àwọn kan ní táàfù, ìyẹn koríko oníke, ni kí wọ́n tẹ́, pé ayé ti kọjá koríko, àwọn kan ní koríko ni, wọ́n ń bára wọn fà á láti aago méje àárọ̀ títí di òru, àwọn tí ò tíì fẹsẹ̀ kan pápá yẹn láti ọdún tí wọ́n ti jáde náà ń dá sí i. Mo ti gbá lórí méjèèjì. Mo ti bó lórí méjèèjì. Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Táàfù ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tá a máa ń háyà wà nínú ìgboro níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń gbowó, ẹni tó bá tètè dé ló ń kọ́kọ́ gbá, àwọn sẹ́ẹ̀tì tó kù á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà máa pariwo. Àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, oṣù kẹfà ni, òjò ti rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹni pé wọ́n dojú garawa dé, gbogbo Pánṣẹ́kẹ́ ti di omi, mo ti sọ fún ìyàwó mi pé kò sí bọ́ọ̀lù lónìí. Òjò dá ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin àbọ̀ a ti wà lórí táàfù, kò sí ẹrẹ̀, kò sí adágún omi, gbogbo omi ti gba abẹ́ lọ, bọ́ọ̀lù ń yí geere bí ìgbà tó bá ń yí lórí tábìlì. Inú mi dùn débi pé omi lé sójú mi. Lórí pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bó ṣe wà báyìí, kò sí ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ níwájú mi tí mo mọ ibi tó máa ta gbà. Lórí táàfù yẹn, bó ṣe ta lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ta nígbà ogún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú góòlù rí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wá rí ojú ẹ̀ kejì. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n fi wá sí torí owó ọ̀sán ló dínkù. Oòrùn Abẹ́òkúta nínú oṣù kejì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, òkúta tó yí wa ká á gba ooru sára, á tún máa dá a padà fún wa. A ò tíì gbá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń jó nínú bùútù. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo yára gbé e kúrò. Òórùn rọ́bà gbígbóná ń bọ̀ wá sí mi nímú bí ìgbà téèyàn dúró sí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ọmọ kékeré kan tó bá àwa àgbà gbá, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, a rọ omi lé e lórí, a sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Mo kọ́kọ́ rò pé àgbà ló ń dé sí mi, àfìgbà tí mo lọ kà nípa ẹ̀. Ní ọdún 2002, wọ́n wọn ooru ojú táàfù kan ní Brigham Young University ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá a ní 79°C, wọ́n bomi sí i, ó wálẹ̀ sí 29°C, ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ́yìn náà ó ti padà sí 49°C, nígbà tó fi máa di ogún ìṣẹ́jú ó ti lé ní 70°C. Koríko gidi tó wà nínú oòrùn kan náà ò sún mọ́ iye yẹn rárá. Koríko ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń tù ú. Ike àti rọ́bà ò ní omi tí wọ́n máa tú, ṣe ni wọ́n kàn ń gba oòrùn sára.

Wọ́n dá mi lóhùn lórí wọ́sáàpù pé àwọn ọmọ á máa gbá nírọ̀lẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni píríọ́ọ̀dù PHE ọmọ mi, èmi ni mo lẹ táímù téébù mọ́ ara ògiri fún un.

Ọ̀rọ̀ bó ṣe ń bóni lára wá kù. Mo fò sápá òsì, bọ́ọ̀lù kàn mí níka, mo gbé e jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo dìde, itan mi ti bó láti ìbàdí títí dé òkè orúnkún, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ó kàn pọ́n bí ibi tí iná jó. Lálẹ́ ọjọ́ náà tí mo fomi kàn án ní bálùwẹ̀, ìyàwó mi sáré wá torí ó gbọ́ ohùn mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Mo ti gbọgbẹ́ lórí koríko rí o, mi ò sọ pé rárá, ṣùgbọ́n koríko tútù máa ń jẹ́ kéèyàn yọ̀ lọ, ike máa ń di awọ ara mú ni. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń sunkún ẹ̀. Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù àwọn obìnrin ní Canada lọ́dún 2015, èyí tí Super Falcons wa ti bá Sweden ta ọ̀mì 3-3, orí táàfù ni wọ́n ti gbá gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kó tó bẹ̀rẹ̀ làwọn ìlúmọ̀ọ́ká nínú wọn, Abby Wambach wà lára wọn, ti gbé ẹjọ́ lọ pé kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n fẹ́ tẹ́ ike fún, ṣé wọ́n jẹ́ dán an wò fáwọn ọkùnrin? Ní oṣù kìíní ọdún 2015 wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà, wọ́n sì gbá a lórí ike bẹ́ẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fowó yín rà: táàfù òde òní, fọ́nrán ike ni wọ́n rán mọ́ aṣọ líle kan, ó sábà máa ń ga tó mílímítà 40 sí 60. Wọ́n á da yanrìn sáàárín ẹ̀ kó lè wúwo, kí fọ́nrán lè dúró, wọ́n á wá da rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ lé e lórí, taya àtijọ́ tí wọ́n lọ̀ ni rọ́bà yẹn. Òun ló ń gba ara èèyàn nígbà téèyàn bá ṣubú, òun ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ta bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn kì í dúró sójú kan. Ó ń bá bùútù lọ, ó ń bá ìbọ̀sẹ̀ lọ, ó ń bá òjò lọ sínú gọ́tà, ìyàwó mi ṣì ń gbá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa títí dòní. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ jù ló ti ń kọ́kọ́ tán, ibẹ̀ náà sì ni iwájú góòlù, ibi tí èmi ń ṣubú sí. Ó yẹ kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá fà á padà sójú àyè ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì máa da tuntun sí i. Mo bi ọmọ tó ń gbowó lẹ́nu géètì pé ṣé wọ́n ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, à ń gbá a dáadáa o, ojoojúmọ́."

Mo ní kí lẹ fi ń gbá a. Ó nawọ́ sí ìgbálẹ̀ tó fì sára wáyà. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bú u, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ náà ló ń ṣe, ìdọ̀tí àti náílọ̀n omi ló ń gbá kúrò. Ṣùgbọ́n iwájú góòlù yẹn ti di aṣọ líle àti yanrìn nìkan, ojú rírán sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀kìsì kejì, ó ṣí sókè bí etí ìwé. Bùútù ọ̀dọ́kùnrin kan kọ́ ọ lójú mi. Orúnkún ẹ̀ ló lọ. Ọdún tí mo ń wí yìí, táàfù yẹn ò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni wọ́n ń sọ pé èyí tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa ń lò. FIFA ní ìdánwò fún un, FIFA Quality àti FIFA Quality Pro, wọ́n á wò bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta, bó ṣe ń yí, bí ilẹ̀ ṣe ń gba ẹsẹ̀, ìwé ẹ̀rí yẹn kì í sì í ṣe ti ayérayé, ó ní ọjọ́ tó ń tán. Kọ́ńtíráẹ́tọ̀ tó fi fídíò pápá rèǹtèrente ránṣẹ́ sí wa, èmi nìkan ni mo bi í pé ìwé ẹ̀rí wo ni ti táàfù tó fẹ́ tẹ́, kò dáhùn, ó tún fi fídíò míì ránṣẹ́.

Ó yá, koríko. Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bó ṣe wà lónìí, mi ò lè gbè é lẹ́yìn. Iwájú góòlù méjèèjì ti di ilẹ̀ pupa, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó le bí símẹ́ǹtì, òkúta wẹ́wẹ́ á máa yọjú, nígbà òjò ẹsẹ̀ á wọlé dé ọrùn. Àárín pápá, gbégi ló gbà á, òun ló máa ń hù níbi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀ le, ìdì ìdì ló ń hù, bọ́ọ̀lù á kàn án, á yà bàrá. Lápá láàbù, patanmọ́ ti dé, ẹ̀gún ẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹ̀gbẹ́ wíńgì méjèèjì nìkan ni koríko baháma tí wọ́n gbìn láyé ọjọ́un ṣì kù sí, ẹ bá mi débẹ̀ lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, ẹ máa mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, ó ń gba ẹsẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀kì wa kan kiẹsẹ̀ bọ kòtò níbi kọ́nà fúláàgì, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, oṣù mẹ́ta ló fi rìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹjọ́ yẹn làwọn ará táàfù máa ń rò jù, mi ò sì lè bá wọn jiyàn pé kò ṣẹlẹ̀, èmi ni mo gbé e lọ sọ́sípítù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó gbẹ́ kòtò yẹn. Irin kánópì ni. Sátidé tí a ò bá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, òde àríyá wà níbẹ̀, lọ́rì tó kó àga wá á wọ àárín pápá, òjò ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀. Sọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìsọjí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ń fi í yípo láàárọ̀ Sọ́ńdè. Fẹ́ǹsì tó wó ní ẹ̀yìn ọgbà, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbà wọlé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn màlúù náà ń bá wọn wọlé. Kò sí koríko láyé tó máa ru gbogbo ìyẹn. Kò sì sí táàfù tó máa rù ú! Ẹni tó ń kan irin kánópì mọ́ ilẹ̀ lónìí, á kàn án mọ́ táàfù lọ́la, èédú ẹran súyà tó bọ́ lé ike, ike á yọ́ ni, kò ní hù padà. Baháma á hù padà.

Mo mọ̀ pé ó ń hù padà torí mo ti rí i lójú ara mi. Nígbà tiwa, bàbá kan wà tó ń tọ́jú pápá, Bàbá Fíìdì la máa ń pè é. Aago mẹ́fà àárọ̀ bàbá ti wà lórí pápá. Ó ní mówà kan tó ń pariwo bí ọkọ̀ tí sàíléǹsà ẹ̀ já, òun ló fi ń gé koríko, kì í jẹ́ kó ga kọjá ìka méjì, bẹ́ẹ̀ kì í gé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ní tó o bá gba gbogbo ewé lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ fi jẹun? Táàmù kọ̀ọ̀kan tó bá parí, á mú fọ́ọ̀kì onírin, á máa gún ilẹ̀ níwájú góòlù, gún un, mì í díẹ̀, fà á yọ, á tún sún, wọ́n á wá kó yanrìn odò Ògùn wá, á fọ́n ọn sínú àwọn ihò yẹn. Àwa rò pé iṣẹ́ àṣelàágùn lásán ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹsẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ pa, gbòǹgbò ò rí afẹ́fẹ́, omi ò ríbi gbà wọlé. Àárín pápá ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ díẹ̀, ojú lásán ò lè rí i, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn góòlù bí mo ṣe sábà máa ń dọ̀bálẹ̀, ẹ máa rí i, òjò á sáré kúrò níbẹ̀ lọ sínú gọ́tà tí bàbá fọwọ́ ara ẹ̀ kó. Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kò sí prínsípà tó lè sọ fún un pé kí àwa ọmọ wọlé gbá. "Ẹ jẹ́ kó mí ná." Lórí koríko bàbá yẹn, mo ń fò bó ṣe wù mí, mo sì ń dìde.

Bàbá fẹ̀yìn tì, wọn ò gba ẹlòmíì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tẹ́nì kan bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé koríko ò ṣeé gbára lé, inú máa ń bí mi, torí ọ̀rọ̀ owó oṣù ẹnì kan ni wọ́n sọ di ẹ̀bi koríko.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Houston ló kọ ọ́ pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ti fi koríko sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ní Houston tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an ni ariwo táàfù ti bẹ̀rẹ̀, ní Astrodome. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i, stẹdíọ̀mù olórùlé, koríko gidi ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn sábẹ́ ẹ̀, oòrùn tó ń gba inú òrùlé wọlé wá ń dí àwọn elérè lójú, wọ́n bá kun òrùlé lọ́dà, koríko ò rí oòrùn mọ́, ó kú. Ní 1966 ni wọ́n tẹ́ ike tí ilé iṣẹ́ Monsanto ṣe, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ AstroTurf. Àìsí oòrùn ló bí i. Ṣé oòrùn ló wọ́n wa l'Abẹ́òkúta?

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà ò sì fẹnu kò síbì kan. Yunifásítì méjì ló wà ní ìpínlẹ̀ Michigan tó ń bára wọn figagbága. University of Michigan tẹ́ táàfù ní 1969, ó padà sí koríko ní 1991, ó tún padà sí táàfù ní 2003 torí koríko kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Michigan State tẹ́ táàfù ní 1969 náà, ó padà sí koríko ní 2002, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa koríko kún ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan náà, òtútù kan náà, ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ilẹ̀ tí pápá kọ̀ọ̀kan jókòó lé àti ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn yẹn sì yàtọ̀ sí tiwa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àwọn géńdé tó wúwo bí àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta ló ń forí gbárí níbẹ̀, síbẹ̀ náà ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi í jẹun, NFLPA, ń ké pé koríko làwọn fẹ́. England dán táàfù wò, Queens Park Rangers ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹ ní 1981, wọ́n fòfin lé e, Preston ló lò ó gbẹ̀yìn, 1994 ló ká tiẹ̀ kúrò. Eredivisie, líìgì àgbà àwọn ará Netherlands, ní láti sáà 2025/26 kò sí ike mọ́. Fún Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù 2026, FIFA ní koríko ni, stẹdíọ̀mù MetLife ní New Jersey tó jẹ́ pé orí ike làwọn tó ni ín ti ń gbá, koríko ni wọ́n ní láti tẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbá fáínà. Rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ yẹn gan-an, European Union ti ṣòfin ní 2023 pé wọn ò ní tà á lọ́dọ̀ wọn mọ́ bó bá di 2031, torí ó ń wọ ilẹ̀ àti omi lọ. Mo ń bẹ̀rù pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á wá kó o dà sí.

Ibi tí táàfù ti lágbára, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní mo fi nǹkan pamọ́. Wákàtí ni. Pápá koríko tó wà bó ṣe wà, tí wọ́n bá gbá a ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ lọ, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Táàfù lè gba ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ka ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa: jùníọ̀ ń lò ó, síníọ̀ ń lò ó, tíìmù àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ń lò ó, PHE gbogbo kíláàsì, íńtáháòsì, àwa old boys. Ìdí tí wọ́n fi tẹ́ táàfù sí Onikan àti Agege l'Ékòó nìyẹn, ẹgbẹ́ tó ń wọlé ò jẹ́ kí èyí tó ń jáde ráyè tújú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yìí nínú mọ́tò, tí mo bá ń bọ̀ láti Ọbáńtókò. Ohun tí mo wá rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́ọ̀mù ọ̀ọ̀pù ni, kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a sí ògiri ni, eré sísá ni. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́yìn láàbù tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé góòlù kékeré méjì síbẹ̀, gbogbo ìyẹn á kó lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tẹ́ táàfù kékeré sí lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Omi ló kù, omi ló sì le jù. Pápá tó gùn ní mítà 105 tó fẹ̀ ní 68, mítà 7,140 níbùú lóròó ni gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tutù bó ṣe yẹ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni tí omi tó ga tó mílímítà 25 rọ̀ sí lórí, lítà 178,500 nìyẹn, tánkà onílítà ẹgbàárùn-ún méjìdínlógún lọ́sẹ̀ kan. Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa ra ìyẹn. Ṣùgbọ́n baháma kì í ṣe ọmọ àkẹ́bàjẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé tí omi bá wọ́n, á pọ́n, á sùn, gbòǹgbò ẹ̀ á wà láàyè nísàlẹ̀, òjò oṣù kẹta bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì báyìí, á tún tú. Nítorí náà omi tá a nílò jẹ́ èyí tí kò ní jẹ́ kó kú, àti èyí tó máa tọ́jú iwájú góòlù méjèèjì. Bọ́ọ̀hóòlù kan pẹ̀lú pọ́ńpù sólà á ṣe é, àwọn ọmọ ilé ìwé náà á sì rí omi mu níbẹ̀, èyí tí táàfù ò lè fún wọn.

Tí n bá máa fi máàkì sí i: táàfù tá à ń háyà, lọ́jọ́ òjò mo fún un ní 8 nínú 10, lọ́sàn-án oṣù kejì mo fún un ní 2. Koríko kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bó ṣe wà lónìí, 3. Koríko Bàbá Fíìdì, 9, ẹyọ kan tí mo yọ, torí pápá máa ń wà ní títì nígbà tí ara wa bá wà lọ́nà jù ni. Owó tí kọ́ńtíráẹ́tọ̀ yẹn ń béèrè fún táàfù á gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, á tún fẹ́ǹsì ṣe, á ra mówà, á gbin baháma, á sì san owó oṣù ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo ti bá wọn kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sórí pépà, mo ń mú un bọ̀ wá sípàdé. Koríko ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ fún ọmọ mi, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú góòlù.

Sọ́ńdè tó kọjá mo lọ kí Bàbá Fíìdì nílé ẹ̀ ní Adátán. Ojú bàbá ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó dá ohùn mi mọ̀ kí n tó dárúkọ. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún un, mo ní ṣé wọ́n á lè bá wa jókòó ti ọmọkùnrin kan tá a bá gbà síṣẹ́, kí wọ́n máa sọ ohun tó máa ṣe fún un. Bàbá ò dáhùn ìyẹn. Ó bi mí pé oṣù wo la fẹ́ gbìn ín. Mo ní bí owó bá ṣe pé. Ó ní rárá o, owó kọ́ ló ń dá ìgbà fún koríko, oṣù kẹrin ni, kí òjò lè bá a nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ títí oṣù kẹsàn-án, ì báà jẹ́ prínsípà, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n lọ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ti géètì pápá yẹn pa fún oṣù márùn-ún, tí wọ́n bá ní àwọn lè tì í, kí n padà wá mú òun.

Ìpàdé wa di Sátidé yìí, aago mẹ́wàá, ní háàlù ilé ìwé. Ìbéèrè bàbá ni mo máa kọ́kọ́ bi yín.